Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi Nínú Ẹ̀rọ Àtijọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà

Dókítà ti mú ọjọ́. Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù tí ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ náà, wọn yóò sì yọ àpótí ohùn kúrò ní ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi pátápátá. Ó ní bí a bá fi àrùn jẹjẹrẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀, yóò rìn, bí ó bá sì ti rìn, kò sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ lé itan, ó ń wo dókítà bí ó ṣe máa ń wo ọmọ iléèwé tó ní òun ti ṣe iṣẹ́ àmúrelé ṣùgbọ́n òun gbàgbé ìwé sílé. Lẹ́yìn náà ó dúpẹ́, ó ní òun yóò rò ó. Dókítà ní kò sí ohun tó kù láti rò. Ẹ̀gbọ́n mi tún dúpẹ́.

Nínú ọkọ̀ ni ó ti sọ tinú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há débi pé mo ní láti pa rédíò kí n tó gbọ́. Ó ní àtìgbà tí òun ti di olùkọ́, àwọn ọmọ tí kò ríran ni òun ń kọ́. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ ojú òun, ohùn òun ni wọ́n mọ̀. Bí wọ́n bá wá gbé ìyẹn dànù, kí ló kù? Mo ní kí ó má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ti sọ ọ́ ná.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí ó tó béèrè ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe nígbà tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ wà ní iléèwé àwọn ọmọ tí kò ríran, èyí tó ń fi ohùn òun kàwé fún àwọn ọmọ.

"Ó wà ní yàrá ẹrù yín," ni mo dáhùn. "Ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wàá tún un ṣe. Bí o bá mú ohùn mi jáde níbẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó pé, màá lọ. Bí ò bá jáde, kí wọ́n fi ọ̀fun mi sílẹ̀ fún mi."

Mo ní yóò jáde. Ẹnu mi máa ń yá ju ọwọ́ mi lọ. Mo sì rí i pé "ó" ni mo ń pè é látòkè wá. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti láyà bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4

Mo gbé ẹ̀rọ náà jáde kúrò lábẹ́ àwọn kọ́tìnì àtijọ́. Ó wúwo ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ, àbí èmi ni agbára mi ti dín kù. Fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọpọlọ rẹ̀ ti gan, ọpọlọ náà, ègé tó ń ṣe gbogbo ìṣirò, sì ti jóná. Mo rí ojú ibi tó ti dúdú. Díìsìkì rẹ̀ ṣì ń yí, ọpẹ́ ni.

Mo fẹ̀yìn ti ògiri nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, n kò sì ṣe iṣẹ́ kankan mọ́ lọ́sàn-án òní. Yàrá tí a ti gba ohùn náà sílẹ̀ ni ọkàn mi lọ. Ọ̀gá mi kó mátíráàsì wá láti ilé ìbùsùn àwọn ọmọ, ó tò wọ́n mọ́ ògiri kí ariwo má bàa wọlé. Ooru inú ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi a dúró sẹ́nu ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a máa pe ègé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́nà mẹ́ta, bí ohùn ṣe ń lọ sílẹ̀ àti bó ṣe ń gòkè: bà, ba, bá, dà, da, dá. Àárọ̀ dọ̀sán, lójoojúmọ́, ní gbogbo ìsinmi gígùn ọdún yẹn. Bí ó bá ti dé "gbì", ẹ̀rín a mú un, a mú èmi náà. Ọ̀gá mi a bọ́ awò ojú rẹ̀, a nù ún, a ní kí á tún un ṣe. A ó tún un ṣe, ẹ̀rín a tún mú wa.

Mo jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, mo sì rò pé bí iṣẹ́ ṣe máa ń rí ní gbogbo ibi nìyẹn. N kò tún bá irú rẹ̀ pàdé mọ́. Ó wù mí kí n padà sínú ooru yẹn lónìí, àní fún wákàtí kan péré.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yà wá láti ibi iṣẹ́. Ètò orí fóònù ni ọmọbìnrin náà ń kọ jẹun. Ó mọ̀ ju èmi lọ dáadáa, ó sì ní ẹ̀kọ́ ilé tó pọ̀ tó láti má ṣe jẹ́ kí n rí i. Ó ní kí la ń dààmú sí, ohùn wà lórí fóònù tó ń ka Yorùbá. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà kí wa, ó ń sọ̀rọ̀ bí àlejò tó kọ́ èdè wa nínú bàálù, tí bàálù sì ti balẹ̀ kí ó tó kọ́ ọ tán. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ dópin, ó ní òun kò ní fi ẹnu ẹlẹ́nu bá ọmọ òun wí.

A wá fẹnu kò síbì kan. Ọ̀gá mi ló di àwọn ègé ohùn yẹn pọ̀ mọ́ra, ètò tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìkan ló sì lè tú wọn. Ètò náà kì í ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ mìíràn yàtọ̀ sí irú èyí. Ọ̀gá mi ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni bí ó ṣe dì í. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ti lè sọ̀rọ̀, a ó fi wáyà gba ègé kọ̀ọ̀kan lẹ́nu rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tuntun, ọmọ náà yóò sì tò wọ́n sórí fóònù ìyá rẹ̀. Ó dùn ún sọ.

Àbámẹ́ta, 8

Gbogbo òpópónà tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù ni mo rìn já, òjò sì pa mí lálọ, ó pa mí lábọ̀. Irú ọpọlọ tó jóná yẹn ti tán lọ́jà. Nígbẹ̀yìn mo yà sọ́dọ̀ ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Kòtíìkú, nítorí èsì kan ṣoṣo tó máa ń fọ̀ fún gbogbo ẹni tó bá gbé òkú ẹ̀rọ wá bá a. Ó tú páálí mẹ́ta kalẹ̀, ó fa ọpọlọ kan yọ tó jẹ́ àbúrò sí tèmi: ojú ihò kan náà ló ń wọ̀, ìyára wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Owó bàtà tuntun ni mo fi rà á. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi yóò máa ní sùúrù.

Àìkú, 9

Ó tàn!

Fáànù yí, díìsìkì kùn, àwọn ìlà funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí ekùrọ́ bá ń jí. Ekùrọ́ ni a ń pe àárín gbùngbùn ètò náà nínú yàrá wa, èyí tí gbogbo ètò yòókù ń gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo dijú, mo fa òórùn rẹ̀ sínú, eruku gbígbóná àti ike. Fún ìṣẹ́jú kan mo tún di ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo tẹ gbólóhùn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ kíláàsì sí i, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi." Ohùn rẹ̀ ló jáde lóòótọ́, ohùn rẹ̀ ìgbà náà, tó mọ́ bí omi. Ṣùgbọ́n ó ń já. Ẹ ká, á sinmi. Àárọ̀, á mí. Ẹ̀yin, á tún padà sórí ẹ̀yin. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ru ẹrù gun òkè. Ẹ̀gbọ́n mi dúró títí ó fi parí, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ìṣẹ́gun, 11

Mo pààrọ̀ wáyà. Bákan náà ni. Òjò.

Ọjọ́rú, 12

Mo pààrọ̀ káàdì ohùn. Bákan náà ni. Mo dúró jẹ búrẹ́dì láìjókòó.

Ẹtì, 14

Mo lọ bá Kòtíìkú jà. Mo ní ọpọlọ tó tà fún mi ti bàjẹ́, ó ní kò bàjẹ́, mo ní ó bàjẹ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wò wá. Ó ní òun yóò dá owó mi padà, ṣùgbọ́n bí mo bá gba owó yẹn, ibo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn? Ìbéèrè náà bí mi nínú ju ìjà lọ, nítorí òótọ́ ni. Mo bínú kúrò, mo sì dé ìta kí n tó mọ̀ pé mo ti gbàgbé agboòrùn mi sọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú tì mí láti padà.

Ajé, 17

Dókítà tẹ̀ wá láago, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n sọ fún un pé òun ń dúró de ẹnì kan. Dókítà bi mí pé ta ni. Kí ni n bá sọ? Mo ní ẹbí ni.

Aṣọ rẹ̀ ti ń tóbi lára rẹ̀. Mo rí i lónìí nígbà tó gbé omi kalẹ̀ fún mi, ẹ̀rù sì bà mí gidi.

Lọ́sàn-án ọmọ rẹ̀ dé, ó jókòó tì mí, ó ní kí n pa ẹ̀rọ kí n tún un tàn kí òun lè wo bí ó ṣe ń jí. Mo ní kí ló fẹ́ wò níbẹ̀, mo mọ àwọn ìlà funfun yẹn bí ẹni mọ orin. Ó ní, "Àǹkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kà á." Ó dá a dúró lórí ìlà kan, ó sì fi ìka tọ́ ọ sí mi. Ojú tì mí. Orin ni mo mọ̀ lóòótọ́. N kì í tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ìlà pẹpẹ ni. Nígbà tí ekùrọ́ bá jí, ó máa ń bi ọpọlọ léèrè pé báwo ni pẹpẹ rẹ̀ ṣe tóbi tó, èsì tí ọpọlọ bá fọ̀ ni ó sì máa fi pín ẹrù. Ọpọlọ yìí dáhùn pé: ọ̀kan. Ọ̀kan péré. Ti àtijọ́ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé méjìlá.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wá dúró sẹ́yìn wa, ó ní kí ni pẹpẹ. Mo ṣàlàyé fún un bí ọ̀gá mi ṣe ṣàlàyé fún mi: ọpọlọ ni télọ̀, yàrá ẹrù rẹ̀ sì wà lọ́nà jíjìn, nítorí náà wọ́n kan pẹpẹ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ igbọ̀nwọ́ rẹ̀, kí ohun tó ń lò lọ́wọ́ lè wà nítòsí. Bí ekùrọ́ bá rò pé pẹpẹ náà kò gbà ju abẹ́rẹ́ kan lọ, orí ibì kan náà ni yóò máa to gbogbo nǹkan sí. Wọn yóò máa ti ara wọn ṣubú, télọ̀ yóò sì máa sáré lọ sí yàrá ẹrù ní gbogbo ìgbà. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń já. Ọmọ náà wá a lórí fóònù rẹ̀, ó rí i pé àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú irú ọpọlọ yìí ní àléébù kan: pẹpẹ wọn wà, ó pé, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n, wọn kì í lè sọ bó ṣe tóbi tó.

"Ìwọ náà sì gbà á gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó ní láti dúró kí ó gbé itọ́ mì kí ó tó máa bá a lọ. "Bí ọmọ bá sọ fún mi pé òun ò mọ nǹkan kan, ṣé odo ni mo máa fún un? Mo máa dán an wò ni."

Mo ní ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọ. Ó ní òun ti kọ́ àwọn ọmọ tó le ju ẹ̀rọ lọ.

Ìṣẹ́gun, 18

Òru àná n kò sùn dáadáa. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kòtíìkú, ṣùgbọ́n òjò kò dá.

Ọjọ́rú, 19

Kí ekùrọ́ tó kọ́ láti máa béèrè fúnra rẹ̀, àwa ni a máa ń fi ọwọ́ kọ ìwọ̀n pẹpẹ sínú fáìlì kan, a ó sì se ekùrọ́ tuntun láti inú fáìlì náà, bí a ṣe ń pe kí ẹ̀rọ tún un hun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá a, mo rí i. Ìlà ọ̀gá mi ṣì wà níbẹ̀, ó tì í pa láti ìgbà náà kí ekùrọ́ má bàa kà á mọ́: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé méjìlá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ó kọ ọ́ pé, "Ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nọ́ńbà yìí láì bi mí."

Bí ó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ṣí ìlà náà, n kò sì fọwọ́ kan nọ́ńbà rẹ̀.

Ekùrọ́ sísè gba gbogbo ọ̀sán. Nígbà àtijọ́, a máa ń ta ayò bí ó bá ti ń jinná, ọ̀gá mi a sì máa fi ojú kan wo ayò, a fi ojú kejì wo kọ̀ǹpútà. Lónìí, èmi àti ìgò omi ni. Nígbà tó jinná, mo tan ẹ̀rọ padà, mo sì tẹ "Ẹ káàárọ̀." Ó jáde gbọọrọ, kò já rárá! Mo tẹ "Ẹ jókòó." Ó jáde. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn?" Ó jáde, ẹ̀rù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí. Mo sáré lọ pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó fọwọ́ lé àyà, ó tẹ́tí, ó mi orí. Mo ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Mo yára yọ̀. Gbólóhùn kúkúrú ni ó ń sọ. Mo fún un ní èyí tó gùn díẹ̀ láàárọ̀ yìí, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ dáadáa, nígbà tó dé ìdajì ó tún ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Mo fún un ní èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dákẹ́ pátápátá, ẹ̀rọ sì gan. Kàkà kí ewé àgbọn rọ̀, líle ló ń le sí i. Ọmọ náà ní bóyá nọ́ńbà ni. Mo jágbe mọ́ ọn pé nọ́ńbà ọ̀gá mi ni. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí i.

Àbámẹ́ta, 22

Ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń bu omi gbígbóná fún un. Ó ní ọmọ òun ti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún òun.

"Ọpọlọ tó jóná yẹn, tirẹ̀ ni nọ́ńbà yẹn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó ti kú. Ìwọ̀n òkú lo wá fi ń rán aṣọ fún alààyè." Ó gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. "Ọ̀gá rẹ tó ní kí ẹ bi òun, bí ẹ bá bi í lónìí, kí ló máa sọ?"

N kò nílò àtironú. Ọ̀gá mi kò fẹ́ràn nọ́ńbà kankan rí láyé rẹ̀ ju èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n. Yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò sì bi mí pé, ṣé o wọ̀n ọ́n? Èmi ni mo fẹ́ kí nọ́ńbà náà wà níbẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́. Àárò rẹ̀ ni mo ti fi ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Mo bẹ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kò sí nǹkan kan. Àwa méjèèjì jọ kọ ètò kékeré kan tí yóò máa fi ẹrù sí iwájú ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó. Níwọ̀n ìgbà tí ẹrù náà bá gba orí pẹpẹ, ọwọ́ á yá. Nígbà tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀, ọwọ́ á fà. Mẹ́jọ, ó yá. Mẹ́rìndínlógún, ó yá. Méjìlélọ́gbọ̀n, ó yá. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó ṣì yá. A fi díẹ̀ lé e, ó fà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ẹrẹ̀. A tún un ṣe, a tún un ṣe, ibì kan náà ni. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Kì í ṣe ọ̀kan bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wí, kì í sì ṣe ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó kú.

Mo pa nọ́ńbà ọ̀gá mi rẹ́. Ó dùn mí bí mo ṣe ń pa á rẹ́, n kò ní purọ́. Mo kọ ti alààyè síbẹ̀.

Àìkú, 23

Iná lọ nígbà tí ekùrọ́ ku díẹ̀ kó jinná. Mo jókòó sínú òkùnkùn, n kò tilẹ̀ lè bínú mọ́. Ọ̀la.

Ajé, 24

Ó jinná ní ìrọ̀lẹ́. Gbólóhùn tó gùn jù lọ tí mo lè rántí ni mo tẹ̀, ìkìlọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń ṣe fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó jáde síta: ẹ di ọwọ́ ara yín mú, ẹ má sáré, ẹni tó bá wà níwájú kí ó sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn bí ilẹ̀ bá ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má sì dá nìkan rìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò já. Kò sinmi níbi tí kò yẹ. Ọmọ náà kó ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìyá rẹ̀ kò tíì bí i nígbà tí a gba ohùn yìí sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ó jókòó, ó ní òun ti gbàgbé pé ohùn òun ga tó bẹ́ẹ̀. "Ọmọbìnrin yẹn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohùn ń tán," ni ó wí, ó sì sunkún níṣojú wa, ohun tí n kò rí i kí ó ṣe láti ìgbà tí ìyá wa ti kú. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọjọ́rú, 26

A ti ń fà á jáde. Wáyà láti ẹnu ẹ̀rọ sínú kọ̀ǹpútà tuntun, ègé kan lẹ́yìn èkejì, ohùn mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ń pè é, ọmọ náà ń sààmì sí i, èmi ń tẹ́tí. Bà, ba, bá. Mo ń gbọ́ yàrá yẹn lábẹ́ ohùn náà, bí ó ṣe dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín mátíráàsì. Nígbà tó dé "gbì", mo gbọ́ bí ó ṣe rọra mí sínú kí ó tó pè é, bí ẹni tó ń di ẹ̀rín mú. Ọ̀gá mi kò gé ìyẹn kúrò. Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ẹtì, 28

Ó pé. Mo lọ bá Kòtíìkú, mo tọrọ àforíjì. Ó ní òun ti sọ fún mi pé kò tíì kú. Ó fún mi ní agboòrùn mi, ó sì ti bá mi tún apá rẹ̀ tó ti yẹ̀ ṣe.

Àìkú, 30

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló pe dókítà. Ó ní ẹni tí òun ń dúró dè ti dé.

Ìṣẹ́gun, 2 oṣù keje

Wọ́n ṣe é. Ó pẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó lọ dáadáa. Mo jókòó tí mo ń ka nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn, mi ò rántí ọ̀kan nínú wọn.

Ọjọ́bọ̀, 4

A rí i. Ó tínrín, ara rẹ̀ sì balẹ̀, páìpù wà ní ọrùn rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ó fi bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn án, ó ní, "Màmá, ẹ kàn kí wa." Ẹ̀gbọ́n mi wo fóònù náà títí, ó gbé e kalẹ̀ sórí àyà, ó mú pátákó kékeré tí nọ́ọ̀sì fún un. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò tíì mọ ohun tí òun yóò kọ́kọ́ fi í sọ.

Ọmọ náà ní kò sí wàhálà. Mo ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà lára mi o.

Àbámẹ́ta, 6

Pátákó ni. "Omi." "Ẹ ṣí fèrèsé." "Ó tó." Fóònù wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ajé, 8

Mo dé ilé ìwòsàn ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Mo sọ ìròyìn òjò fún un, mo sọ ti Kòtíìkú, mo ní ó kí i. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ohùn, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì. N kò lè wò ó. Mo ní mo fẹ́ gba afẹ́fẹ́, mo sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Mo rìn dé fèrèsé tó wà ní ìpẹ̀kun, mo gbé igbọ̀nwọ́ lé e. Inú ń bí mi, ìtìjú sì ń bá mi pé inú ń bí mi. Mo rò pé ó lọ fún iṣẹ́ abẹ nítorí tiwa ni, kí á lè ní ìfọ̀kànbalẹ̀, àti pé kò ní ṣí ẹnu tí a ṣe fún un láéláé. Àwọn ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, wọn kò fẹ́ lọ sílé bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti ń ṣú. Mo dúró, mo ń wò wọ́n, omi ń bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ọ lẹ́yìn mi.

"Àbúrò mi! Wọlé, ilẹ̀ ti ṣú."

Ó mọ́, ó ga, kò há, ó sì ní ìbínú kékeré yẹn tí kì í ṣe ìbínú. Bí ó ṣe máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé wa pè mí nìyẹn, nígbà tí ìyá wa wà lẹ́nu iṣẹ́ tí òun sì ni ìyá mi títí di alẹ́. N kì í dá a lóhùn nígbà tó bá kọ́kọ́ pè mí. Gbogbo àwọn ọmọ àdúgbò ló mọ̀ pé ó di ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ẹsẹ̀ mi ti ń lọ kí n tó rántí pé mo ti hu ewú. Mo ní, "Mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," mo sì sáré. Nọ́ọ̀sì kan ní, "Bàbá, a kì í sáré níbí." Mo sáré.